Tírélà Tó Kọ̀ Tí Ò Fẹ́ Já Kúrò Lẹ́yìn Mọ́tò: Ibi Tẹ́ Ẹ Ti Máa Bẹ̀rẹ̀

Ẹ ti dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ ti pákì, ẹ wá fẹ́ já tírélà kúrò lẹ́yìn mọ́tò, ẹ di ọwọ́ kọ́pílà mú, ìyẹn irin ẹnu tírélà tó so ó mọ́ mọ́tò, ẹ fà á sókè, kò mì. Ẹ tún un fà, ó le gbagidi. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn nírú àsìkò yẹn ni hámà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí hámà ṣì wà níbi tó wà ná.

Tírélà tí mò ń sọ níbí ni èyí tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù onírin kọ́ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, ẹrù lẹ fi ń kó ni o, ọkọ̀ ojú omi ló wà lórí ẹ̀ ni o, àbí ilé onítáyà táwọn arìnrìn-àjò máa ń sùn sí. Èyí táwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń fà, màá fọwọ́ bà á tó bá yá, torí tiẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tó máa ń mú kí kọ́pílà kọ̀ jù ni pé nǹkan kan ń ti bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ó dà bí ìgbà tẹ́nì kan fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, tẹ́ ẹ wá ń fagbára yí kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ ò ṣẹ̀ yín, ẹni tó fẹ̀yìn tì í ni kó dìde. Torí náà iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ wá ibi tí agbára yẹn ti ń wá, ṣé látiwájú ni àbí látẹ̀yìn, ṣé látòkè àbí látìsàlẹ̀, àbí ńṣe ni ọrùn tírélà lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀ díẹ̀ kó lè yé wa. Bọ́ọ̀lù wà lára mọ́tò, kọ́pílà wà lẹ́nu ọrùn tírélà, òun ló dé bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ yọjú sábẹ́ ẹ̀, lára èyí tó wọ́pọ̀ jù, ẹ máa rí irin kékeré kan lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, lápá ọ̀dọ̀ tírélà, màá máa pè é ní ahọ́n. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọwọ́ kọ́pílà wálẹ̀, ahọ́n yìí á sún wá síwájú, á há mọ́ abẹ́ ikùn bọ́ọ̀lù, ìyẹn ni ò ní jẹ́ kí tírélà fò kúrò tẹ́ ẹ bá kó sí kòtò. Ká tó lè wá gbé ọwọ́ yẹn sókè, ahọ́n gbọ́dọ̀ ráyè sún pa dà sẹ́yìn. Tí ò bá ráyè, ọwọ́ ò ní gbéra, kódà kẹ́ ẹ pe èèyàn mẹ́ta wá fà á. Lára kọ́pílà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ máa rí ojú kan tó ń dán lára ahọ́n yẹn níbi tó ti ń ha bọ́ọ̀lù, tí gbogbo ibi tó kù á dúdú fún gíríìsì. Ibi tó ń dán yẹn gan-an ni gbogbo wàhálà wà.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ dí táyà tírélà, tiwájú tẹ̀yìn, tọ̀tún tòsì. Tí tírélà yín bá ní háńdìbíréèkì tiẹ̀, ẹ fà á. Ẹ̀wọ̀n tó so tírélà mọ́ mọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀ títí kọ́pílà á fi já. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ tú ẹ̀wọ̀n, kò sì burú lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan bá ń lọ geere tẹ́ ẹ sì ti dí táyà dáadáa, àmọ́ lọ́jọ́ tí kọ́pílà bá ń ṣagídí tó jẹ́ pé ẹ máa máa sún mọ́tò síwá sẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n yẹn ló máa dá tírélà dúró tó bá já lójijì. Wáyà iná lẹ lè yọ. Okùn wáyà tín-ín-rín tó máa ń fa bíréèkì tírélà tó bá já lójú ọ̀nà, ẹ ṣọ́ ọ o, torí tó bá fà yọ, bíréèkì tírélà á di, ẹ̀ẹ́ tún máa wá ìdí tí ò fi sún mọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ọrùn tírélà, ọmọdé ò sì gbọdọ̀ sí nítòsí.

Ó yá, ká wá bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó wọ́pọ̀ jù, ìyẹn títì síwá sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí kọ́pílà bá kọ̀, rífáàsì lẹ fi wọ ibi tẹ́ ẹ pákì sí. Tẹ́ ẹ bá sì ń fi rífáàsì bọ̀, bọ́ọ̀lù ló ń ti tírélà sẹ́yìn, ahọ́n tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ló sì ń gba gbogbo ẹ̀ mọ́ra. Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn tẹ́ ẹ bá dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí imú mọ́tò kọjú sísàlẹ̀, tírélà á rọ́ wá sórí mọ́tò, á gbé gbogbo ìwúwo ẹ̀ ti ahọ́n. Oògùn ẹ̀ ò le rárá. Ẹ ti dí táyà tírélà, àbí? Ẹ wọnú mọ́tò, ẹ sún un síwájú díẹ̀, díẹ̀ tí mo wí yìí ò ju ìbú ìka kan lọ, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fa háńdìbíréèkì nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà lórí bíréèkì, kẹ́ ẹ tó wá fi jíà sí P tàbí kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ bó ṣe tẹ̀ léra ni pé tó bá jẹ́ P lẹ kọ́kọ́ fi sí tẹ́ ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò, mọ́tò máa ń yọ́ sẹ́yìn díẹ̀ kí jíà tó gbá a mú, díẹ̀ yẹn náà ló sì máa tún lọ fẹ̀yìn ti ahọ́n, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe ti já sí pàbó nìyẹn.

Ó dáa jù tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì. Ẹnì kan á wà nínú mọ́tò, ẹnì kejì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ o, kì í ṣe láàárín mọ́tò àti tírélà. Tí mọ́tò bá ti dúró tán, tí háńdìbíréèkì ti wọlé, ẹni tó wà nílẹ̀ á wá gbìyànjú ọwọ́ kọ́pílà. Nígbà míì ẹ máa gbọ́ "kó!" kékeré kan lábẹ́ ibẹ̀, ọwọ́ á wá gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀ẹ́ máa wo ara yín pé ṣé òun náà ló ń da ara ẹ̀ láàmú látàárọ̀ nìyí. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ sún mọ́tò sẹ́yìn ní ìbú ìka kan náà, torí gbogbo kọ́pílà kọ́ ló ní ahọ́n níbì kan náà. Ẹ máa ṣe é síwá sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, ẹ máa dán ọwọ́ ẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dúró. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, tí ilẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹ lè fi jíà sí fúrì kẹ́ ẹ tú háńdìbíréèkì, kẹ́ ẹ fọwọ́ mi ara mọ́tò jẹ́jẹ́, ó máa wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn fúnra ẹ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má dán ìyẹn wò láé.

Èyí tó kàn ni jáàkì, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe é lódì. Wọ́n á ní tírélà wúwo lórí bọ́ọ̀lù, ká yáa jáàkì ẹ̀ sókè kó lè fúyẹ́, wọ́n á máa yí jáàkì, wọ́n á máa yí i, ẹ̀yìn mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ẹ wò ó, tí ọwọ́ kọ́pílà bá ṣì wà ní pípadé, ahọ́n ṣì há sábẹ́ bọ́ọ̀lù, bẹ́ ẹ bá ń jáàkì ọrùn tírélà sókè, ahọ́n yẹn lẹ fi ń gbé mọ́tò. Báwo ló ṣe máa wá ṣí? Ọwọ́ kọ́pílà lẹ máa kọ́kọ́ ṣí, nígbà tí ìwúwo tírélà ṣì jókòó sórí bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ìyẹn ni jáàkì. Tẹ́ ẹ bá ti jáàkì ẹ̀ kọjá ààlà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ̀yìn mọ́tò fi máa pa dà sí bó ṣe wà, ẹ wá gbìyànjú ọwọ́ ẹ̀. Ẹ fi pákó tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ jáàkì tí ilẹ̀ bá rọ̀, torí jáàkì tó ń rì sínú ẹrẹ̀ máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì lọ́ ọrùn tírélà pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù.

Ẹrù náà lọ́wọ́ sí i. Tí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn tírélà ju iwájú lọ, ọrùn ẹ̀ á máa fẹ́ gbéra sókè, ńṣe lá máa fa ahọ́n mọ́ abẹ́ bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìgbà. Ẹ ò ní rí i ṣí, tẹ́ ẹ bá sì rí i ṣí, ewu ńlá ni, torí ọrùn yẹn lè ta sókè lójijì kó gbá èèyàn lágbọ̀n. Ẹ kó ẹrù ẹ̀yìn sílẹ̀ kọ́kọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi nǹkan tó lágbára gbé ìdí tírélà dúró. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń lò ní Amẹ́ríkà ni pé kí ìwúwo tó ń bà lé bọ́ọ̀lù tó ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo tírélà àti ẹrù ẹ̀. Ẹni tó bá ń dẹ́rù síbi tó yẹ, kì í sábà níṣòro yìí, tírélà ẹ̀ ò sì ní máa jùdí lójú ọ̀nà.

Tí mọ́tò àti tírélà ò bá wà lójú ìlà kan, tí ìkan kọrí síbí tí ìkejì kọrí sọ́hùn-ún, tàbí tí táyà tírélà kan wà nínú kòtò tí ìkejì wà lórí ilẹ̀ gíga, kọ́pílà á lọ́ mọ́ bọ́ọ̀lù. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀ ju kẹ́ ẹ wakọ̀ síwájú lọ, kẹ́ ẹ tò wọ́n tọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Àwọn tí tírélà wọn ní ọ̀pá gígùn méjì tó ń pín ìwúwo káàkiri mọ́tò, ẹ má gbàgbé pé ọ̀pá yẹn ṣì ń fagbára tẹ kọ́pílà. Ẹ kọ́kọ́ yọ wọ́n. Àwọn nìkan ni mo máa gbà kẹ́ ẹ torí ẹ̀ jáàkì ọrùn tírélà pẹ̀lú ẹ̀yìn mọ́tò sókè pa pọ̀, kí ọ̀pá lè rọ̀ kẹ́ ẹ tó tú u, torí ọ̀pá tó ṣì le á ta kúrò lọ́wọ́ yín, ó sì lè ṣẹ́ egungun. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ sọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀.

Ká wá ní ẹ ti ṣe gbogbo ìyẹn, kò sí nǹkan kan tó ń ti kọ́pílà mọ́, síbẹ̀ kò ṣí. Ìgbà yẹn la tó lè sọ pé ara ẹ̀ gan-an ni àìsàn wà. Ẹ wo píìnì tàbí àgádágodo tó wà lára ọwọ́ ẹ̀ kọ́kọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fa ọwọ́ kọ́pílà tí píìnì ẹ̀ ṣì wà nínú ihò. Àwọn kọ́pílà kan tún ní bọ́tìnnì tàbí irin kékeré tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ìka tẹ̀ kí ọwọ́ tó gbéra, tí iyanrìn bá dí i, kò ní wọlé tán.

Ìpẹtà ló kàn. Tírélà tó ti wà lójú kan fọ́jọ́ pípẹ́, àgàgà èyí tó ń wọnú omi iyọ̀, ìṣẹ́po ọwọ́ ẹ̀ àti súpúríǹgì abẹ́ ẹ̀ máa ń dípẹtà gan-an. Ẹ ra òróró tó máa ń wọnú ìpẹtà, WD-40 náà á gbìyànjú àmọ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún bọ́ọ̀tì tó há máa ń dáa jù ú lọ, ẹ fọ́n ọn sí ìṣẹ́po ọwọ́, sára súpúríǹgì, sáàárín ahọ́n àti ilé ẹ̀ látìsàlẹ̀. Ẹ wá fi í sílẹ̀. Ibi tó ti máa ń sú àwọn èèyàn nìyí, wọ́n á fọ́n ọn tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lójú ẹsẹ̀, òróró ò tíì dé ibi tó ń lọ. Ẹ lọ jẹun, ẹ pa dà wá, ẹ tún un fọ́n. Ẹ lè wá gbé igi lé ẹ̀gbẹ́ ara kọ́pílà, kẹ́ ẹ fi hámà kan igi náà jẹ́jẹ́, kí ìpẹtà lè mì tìtì kí òróró sì ráyè wọlé. Ibi kan ṣoṣo tí mo gba hámà láyè nìyí. Tẹ́ ẹ bá lu ọwọ́ kọ́pílà fúnra ẹ̀, á tẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ tì í, ihò píìnì ò ní bára mu mọ́. Iná wẹ́dà náà, ẹ jọ̀ọ́, kò sí nínú ẹ̀, gíríìsì àti wáyà wà níbẹ̀, táǹkì epo mọ́tò ò sì jìnnà.

Nọ́ọ̀tì abẹ́ kọ́pílà náà wà. Ọ̀pọ̀ kọ́pílà ní nọ́ọ̀tì kan lábẹ́ tó ń pinnu bí ahọ́n ṣe máa fún mọ́ bọ́ọ̀lù tó. Tẹ́nì kan bá ti fún un jù, ọwọ́ á le láti tì, á tún le láti ṣí. Ẹ fi sípánà tú u díẹ̀, ìdá mẹ́rin ìyípo kan, ẹ dán an wò, ẹ tún tú ìdá mẹ́rin míì tó bá pọn dandan. Ẹ má tú u tú u jù o, nítorí kọ́pílà tó rọ̀ jù lewu ju èyí tó le lọ. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ gbé kọ́pílà lé bọ́ọ̀lù pa dà, kẹ́ ẹ tì í, kẹ́ ẹ ki píìnì bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá jáàkì ọrùn tírélà díẹ̀. Tí ẹ̀yìn mọ́tò bá bá a gòkè lójú ẹsẹ̀, ó ti dì í mú. Tẹ́ ẹ bá rí i tí kọ́pílà kọ́kọ́ gbéra kí mọ́tò tó tẹ̀ lé e, ẹ fún nọ́ọ̀tì yẹn pa dà. Tí nọ́ọ̀tì bá sì ń fi ọwọ́ lásán yí, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kò ní dúró lójú kan.

Ó tún lè jẹ́ pé ọwọ́ ti ṣí, ó dúró sókè ketekete, ṣùgbọ́n kọ́pílà ò kúrò lórí bọ́ọ̀lù. Ahọ́n ni ò pa dà sẹ́yìn bó ṣe yẹ, torí pé súpúríǹgì ẹ̀ ti kú, tàbí torí gíríìsì àtijọ́ tó ti gan pọ̀ mọ́ iyanrìn. Ẹ jáàkì ọrùn títí ìwúwo ẹ̀ fi máa kúrò lórí bọ́ọ̀lù, ẹ dúró ńbẹ̀, ẹ má fi agbára jáàkì já a. Ẹ ki òpó igi tàbí jáàkì onídùúró sábẹ́ ọrùn kó má bàa já lulẹ̀. Kí ẹnì kan wá jókòó sẹ́yìn mọ́tò kó sì dìde, kó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, mímì yẹn nìkan máa ń tó. Tí ò bá tó, ẹ fi sikurúdíráfà gígùn ti ahọ́n sẹ́yìn láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi ìka tì í.

Àwọn míì, bọ́ọ̀lù ni ò bá kọ́pílà mu látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ni íǹṣì 1 7/8, íǹṣì 2 àti íǹṣì 2 5/16, ní Yúróòpù mìlímítà 50 ni wọ́n ń lò. Íǹṣì 2 sì jẹ́ mìlímítà 50.8, ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n kọ́pílà tí wọ́n ṣe fún 50 tẹ́ ẹ fipá tì mọ́ bọ́ọ̀lù 50.8, á wọlé, á sì fún mọ́ ọn débi pé jíjá ẹ̀ á di ogun. Wọ́n sábà máa ń tẹ ìwọ̀n yìí sórí bọ́ọ̀lù àti sára kọ́pílà, ẹ nù ún kẹ́ ẹ kà á. Ẹ tún fọwọ́ pa bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó bá ti ní ibi tó ti ha, ibi tó pẹlẹbẹ tàbí etí tó yọ gọngọ, òun náà á máa há. Bọ́ọ̀lù mìlímítà 50 tó bá ti jẹ dé 49, ó ti parí iṣẹ́, ẹ yọ ọ́.

Gíríìsì ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi í tín-ín-rín sára bọ́ọ̀lù àti inú kọ́pílà, ẹ nu ti tẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá kẹ́ ẹ tó fi tuntun, torí gíríìsì tó ti mu iyanrìn á máa jẹ irin ni. Àmọ́ àwọn kọ́pílà kan wà tó ní rọ́bà líle nínú tó ń fún bọ́ọ̀lù mọ́ra kí tírélà má bàa máa jùdí, wọ́n pọ̀ lára ilé onítáyà ní Yúróòpù. Àwọn yẹn ò gbọdọ̀ rí gíríìsì rárá, gbígbẹ ni bọ́ọ̀lù wọn gbọ́dọ̀ wà. Bí wọ́n bá ní tiyín nìyẹn, sáńpépà tó kúnná ni kẹ́ ẹ fi nu bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ní ọwọ́ méjì, ìkan fún rọ́bà, ìkan fún jíjá, ti rọ́bà lẹ máa kọ́kọ́ tú.

Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń lo fifth wheel, ìyẹn irin pẹlẹbẹ ńlá ẹ̀yìn ọkọ̀ tí iwájú tírélà máa ń jókòó lé, wá ńkọ́? Òdì kejì ni tiẹ̀. Lára bọ́ọ̀lù, iwájú díẹ̀ ló máa ń tú u, ṣùgbọ́n níbí, king pin, ìyẹn irin tó yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ iwájú tírélà, ló ń fa ẹnu irin tó dì í mú nígbà tí ọkọ̀ bá ń fà á, torí náà rífáàsì díẹ̀ ló máa yọ ìnira yẹn kúrò. Ẹ jẹ́ kí bíréèkì tírélà wà ní dídì, ẹ fi ọkọ̀ rọra tì í sẹ́yìn, ẹ fa bíréèkì ọkọ̀ náà síbẹ̀, ẹ wá fa irin tó ń ṣí i. Ẹsẹ̀ tírélà ti gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á. Tẹ́ ẹ bá ti fa ẹsẹ̀ yẹn débi tó fi gbé tírélà kúrò lórí ọkọ̀ pátápátá, king pin lè há níbi tó ti lọ sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé ara kọ́pílà ti sán, tàbí ọwọ́ ẹ̀ ti tẹ̀ tí píìnì ò wọ ihò mọ́, tàbí ahọ́n ti jẹ tínrín, ẹ má tún un ṣe, ẹ ra òmíràn, kẹ́ ẹ rí i pé ìwúwo tí wọ́n kọ sára tuntun yẹn ò kéré sí ti tírélà yín. Bọ́ọ̀tì tuntun ni kí wọ́n fi dè é, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ tú kúrò lára àtijọ́. Kẹ́ ẹ tó fà á jáde sójú títì, ẹ kọ́ ọ, ẹ já a, ẹ tún un kọ́ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ fi jáàkì dán an wò bí mo ṣe sọ lókè, ẹ so ẹ̀wọ̀n, ẹ ki píìnì bọ̀ ọ́.